Ẹṣin tuntun tí ò jẹ́ ká fọwọ́ kan òun: ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè fi sùúrù tọ́ ọ láì nà á?

Ọmọ Apẹ̀tẹ̀:

Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá wa (àbúrò ìyá mi ni wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n Bàbá ni gbogbo ilé ń pè wọ́n) ra akọ ẹṣin kan tó ṣì kéré lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹran wá láti òkè Ọya, Akínyẹlé ni wọ́n já a sí, a sì ti gbé e lọ sí ilẹ̀ Bàbá lọ́nà Mọ́níyà. Ẹni tó tà á ní inú pápá ló ti ń jẹ̀ kiri látọjọ́ tí ìyá ẹ̀ ti bí i, kò sẹ́ni tó gùn ún rí, ẹṣin ìgbẹ́ pọ́ńbélé ni. Bóyá òótọ́ ni o, bóyá ọ̀rọ̀ ọlọ́jà ni, mi ò mọ̀.

Èyí tí mo mọ̀ ni pé kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Béèyàn bá ti wọlé báyìí á kọ̀dí sí onítọ̀hún, á di etí méjèèjì mọ́ orí pẹ́pẹ́, á gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè díẹ̀. Tí mo bá gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì eèrí kalẹ̀ kò ní jẹ, á máa wò mí títí màá fi jáde, ìgbà yẹn ni á wá sún mọ́ ọn, á sì jẹ gbogbo ẹ̀ tán pátápátá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ta pákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà nípàá, pákó là sí méjì.

Màlámù tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀ ní ká wá géńdé mẹ́rin, ká de ẹsẹ̀ ẹ̀, ká gbé e ṣubú, ká ki ìjánu bọ̀ ọ́ lẹ́nu níbi tó dùbúlẹ̀ sí, pé tó bá ti mọ̀ pé agbára òun ò ká tèèyàn ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà fún un torí ojú ń kán wọn, Ojúde Ọba tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ gùn ún lọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá tó bí wọn, wọ́n sì ti dá aṣọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ti ń wo fídíò àwọn ará Amẹ́ríkà kan lórí YouTube, wọ́n á tú ẹṣin tí ò mọ èèyàn rí sílẹ̀ nínú ọgbà rìbìtì kan, ọkùnrin kan á wọlé tòun tokùn lásán, kò nà án, kò dè é, kó tó di pé wákàtí kan pé ẹṣin ti ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn kiri. Natural horsemanship ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹṣin, ṣé òótọ́ ni àbí wọ́n ti fún un lóògùn kí wọ́n tó tan kámẹ́rà? Tó bá jẹ́ òótọ́, ibo lèèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀? Ẹ dá mi lóhùn kíá o, Jímọ̀ ni Màlámù fẹ́ kó àwọn géńdé ẹ̀ dé.

Ẹlẹ́ṣin Sábó:

Àbúrò, fídíò ò gun ẹṣin. Sábó ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi àti bàbá tó bí wọn, ìdí ẹṣin ni wọ́n ti jẹun kú. Ohun tí Màlámù yín sọ yẹn, wọ́n ti ń ṣe é kí òyìnbó tó mọ ohun tó ń jẹ́ kámẹ́rà. Ẹ má fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ méjì, ẹ so ó mọ́ igi tó dúró sán-ún, ẹ jẹ́ kó bá igi jà títí á fi rẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wá gbé gàárì lé e. Ìjánu wa tó ní òrùka tó ń gba abẹ́ àgbọ̀n kọjá yẹn, ẹṣin tó bá lóun lágídí kó wá fà á wò ká rí i. Gbogbo àwọn ẹṣin tẹ́ ẹ ń rí ní Durbar Ìlọrin tí wọ́n ń jó bí ìyàwó yẹn, ṣé sùúrù ni wọ́n fi kọ́ wọn? Ẹṣin tó bá ti mọ̀ pé o ń bẹ̀rù òun, o ti tán lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi ti sọ tèmi.

Ìyá Dérìn:

Háà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì de ẹṣin yẹn o. Ẹ̀gbọ́n Sábó, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bá a níṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tí mo fojú ara mi rí. Ọmọ Òkè-Àdó ni mí, iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé ìpínlẹ̀ Nevada, kò sì síbi tí ẹṣin ìgbẹ́ pọ̀ tó níbí ní gbogbo Amẹ́ríkà. Mustang ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ará Sípéènì ló kó babańlá wọn wọ ọkọ̀ ojú omi wá láyé ijọ́un, àwọn kan já, àwọn kan di àwátì, wọ́n bímọ sínú aṣálẹ̀, àwọn ọmọ ọmọ wọn ò wá mọ ohun tó ń jẹ́ èèyàn mọ́. Láti 1971 ni òfin ti wà tó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣàdédé kó wọn tàbí kó pa wọ́n. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ilẹ̀, BLM, ló ń ṣọ́ wọn. Tí wọ́n bá wá pọ̀ ju koríko lọ, wọ́n á fi hẹlikọ́pítà dà wọ́n wọnú ọgbà ńlá, wọ́n á fi irin tó tutù ju yìnyín lọ tẹ àmì sí wọn lọ́rùn lápá òsì, ẹni tó bá wù á wá mú un lọ sílé. Àwọn kan nínú wọn, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń gbé wọn lọ, ọ̀kan wà ní Carson City níbí, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló ń tọ́ wọn fún bí oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó lu wọ́n ní gbàǹjo. Mo ti lọ wo gbàǹjo yẹn rí. Ọkùnrin gìrìpá kan tí wọ́n fín ara ẹ̀ títí dé ọrùn jókòó sórí ẹṣin tí hẹlikọ́pítà ń lé kiri lọ́dún tó ṣáájú, okùn ìjánu dẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ jọ̀ọ̀jọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán sọ fún un pé yà sọ́tùn-ún, yà sósì. Wọn ò fi ebi pa á o.

Nítorí náà òótọ́ ni, kò sí oògùn níbẹ̀. Kò sì tún sí idán níbẹ̀, èyí ni àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì ò ní sọ fún yín. Àwọn darandaran bíi Tom Dorrance àti Ray Hunt ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn èèyàn níbí pé kéèyàn mú kí ohun tó tọ́ rọrùn fún ẹṣin, kó jẹ́ kí èyí tí ò tọ́ le fún un, kó wá dákẹ́ kó jẹ́ kí ẹṣin fúnra ẹ̀ yàn. Lẹ́yìn wọn ni Monty Roberts gbòde, òun ló ń ṣe èyí tó o rí nínú fídíò yẹn, Join-Up ló pè é, Ọbabìnrin Elizabeth pàápàá ké sí i wá sí Windsor ní 1989 kó wá ṣe é lójú òun. Ó ní èdè ara àwọn ẹṣin lòun ń bá wọn sọ, pé bí ìyá ẹṣin ṣe ń lé ọmọ tó ya pòókíì kúrò láàárín agbo ló ṣe ń ṣe é. Ó dáa. Ní 2012 àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Sydney wá gbé mọ́tò ìṣeré ọmọdé, èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí, sínú ọgbà rìbìtì. Wọ́n ní kí mọ́tò máa lé ẹṣin, bí ẹṣin bá ti dẹ eré tó kọjú sí i, mọ́tò á dúró. Kò pẹ́ tí ẹṣin fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí mọ́tò ìṣeré! Èdè wo ni mọ́tò ìṣeré gbọ́? Ohun tí ẹṣin ń kọ́ níbẹ̀ ò ju pé ìyà á dúró tí òun bá ṣe báyìí. Ìgbà tó o bá dáwọ́ dúró ló ń kọ́ nǹkan, kì í ṣe ìgbà tó o bá ń fúngun mọ́ ọn. Tó o bá mọ èyí o ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ kan tó kù, òun ló sì jẹ́ kí n kọ gbogbo ìwọ̀nyí. Mi ò gbà pé ẹṣin ìgbẹ́ lẹ rà. Mustang tí ò rí èèyàn rí, ẹ̀rù ohun tí ò mọ̀ ló ń bà á, lọ́pọ̀ ìgbà ṣe ló máa sá lọ síbi tó jìnnà sí ẹ jù lọ, kò tiẹ̀ mọ̀ pé oúnjẹ lèèyàn ń gbé sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Tiyín mọ bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀ pé ẹ máa jáde. Ó ń kọ̀dí síni, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó tani. Ẹṣin tó mọ èèyàn dáadáa nìyẹn o jàre, èèyàn ti fi nǹkan ṣe é. Dúró lókèèrè kó o wo orí imú ẹ̀ àti ẹ̀yìn etí ẹ̀ dáadáa, kó o padà wá sọ fún wa.

Ọmọ Apẹ̀tẹ̀:

Ìyá Dérìn, ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo lọ wò ó nírọ̀lẹ́ àná, mo dúró lẹ́yìn ọgbà, mo fi fóònù fà á súnmọ́ dáadáa. Irun funfun tín-ń-rín kan gba orí imú ẹ̀ kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, ara ẹ̀ tó kù pupa ni o. Lẹ́yìn etí òsì ibì kan wà tí irun ò tiẹ̀ hù mọ́. Mo fi han Màlámù, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní okùn ni. Bàbá ti ń pe nọ́ńbà ẹni tó tà á fún wa látàárọ̀, kò lọ mọ́.

Ẹ wá sọ bí mo ṣe máa ṣe é fún mi ní kíkún, torí a ò ní ọgbà rìbìtì, pákó àti páànù la fi yí ibi tó wà ká, ó sì ní igun mẹ́rin. Màlámù náà lóun fẹ́ gbọ́ o, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Pápá Pólò:

Mo kí gbogbo ilé. Ẹṣin pólò ni mò ń tọ́ níbí ní Ìbàdàn, òun ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Àpá tó o rí yẹn ti dáhùn, irun tó bá hù síbi tí okùn ti jẹ ẹṣin lára, funfun ló sábà máa ń hù. Wọ́n ti so ó mọ́ nǹkan tó le, ó ti fà á títí tó fi bó lórí imú, èyí tí ẹ̀gbọ́n Sábó ní kẹ́ ẹ ṣe yẹn gan-an. Nítorí náà èyí tẹ́ ẹ ní yìí le ju ẹṣin ìgbẹ́ lọ lọ́nà kan, ẹ máa kọ́kọ́ yọ èyí tó ti kọ́ kúrò kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ ní tuntun. Ó tún rọrùn jù ú lọ lọ́nà mìíràn torí ìró èèyàn, ìró mọ́tò àti ọkadà ò jẹ́ nǹkan tuntun sí i.

Ẹ fi ọparun ṣe ọgbà rìbìtì. Kó fẹ̀ tó mítà 15 sí 18 láti etí kan dé ìkejì, kó ga ju orí ọkùnrin lọ díẹ̀, ẹ da yanrìn sílẹ̀ tí owó bá wà. Ẹ má fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún sí i rárá, ẹṣin tó bá sáré wọ̀ ọ́, awọ àyà ẹ̀ ló máa fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdí tá a fi ń ṣe é ní rìbìtì ni pé ẹṣin tẹ́rù ń bà, igun ló máa ń lọ há ara ẹ̀ mọ́, igun yẹn náà ló sì ti ń ta èèyàn pa. Ẹ kó páànù yẹn kúrò pẹ̀lú, ariwo ẹ̀ nìkan tó láti yí i lórí.

Tí ọgbà bá ti délẹ̀, má wọlé o. Gbé àpótí síta, jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, máa tẹ fóònù ẹ. Kó kàn mọ̀ pé o lè wà nítòsí kó o má sì fẹ́ gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Tó bá ti ń jẹ koríko nígbà tó o wà níbẹ̀, ìgbà yẹn lo tó wọlé. Ẹṣin ń rí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àyíká ara ẹ̀ torí ẹ̀gbẹ́ ni ojú ẹ̀ wà, ibi méjì ni ò rí, ọ̀gangan iwájú orí ẹ̀ àti ọ̀gangan ìdí ẹ̀, nítorí náà ọ̀nà èjìká ni kó o máa gbà, kó o sì rìn wọ́kọwọ̀kọ, má rìn tààrà bí ẹni tó fẹ́ gba gbèsè. Má tẹ ojú mọ́ ojú ẹ̀, pátákò ẹ̀ ni kó o máa wò. Ibì kan wà tó o máa dé tí orí ẹ̀ máa gbé sókè lójijì, tí imú ẹ̀ máa fẹ̀, ààlà ẹ̀ nìyẹn, kó o dúró kó o tó dé ibẹ̀. Dúró ni mo wí o. Ó lè pẹ́. Tó bá wá yí etí kan sọ́dọ̀ ẹ, tàbí tó mí kanlẹ̀, tó rẹ orí wálẹ̀, tó ń fi ahọ́n lá ètè, ojú ẹsẹ̀ ni kó o yí padà kó o kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Kíkúrò tó o kúrò yẹn ni owó iṣẹ́ ẹ̀. Tó o bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, bí ìṣẹ́jú 15 sí 20 péré lẹ́ẹ̀kan, wàá rí i pé ààlà yẹn ń sún mọ́ ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má lé e yípo o. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é nínú fídíò, ọkùnrin á ju okùn, ẹṣin á sáré yípo títí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń ṣe é, ó mọ ìṣẹ́jú tó yẹ kóun dáwọ́ dúró. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, ṣe ló máa kọ́ ẹṣin ní sísá, nínú ooru Ìbàdàn yìí ó tún lè dá a dùbúlẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, wá ọparun gígùn tó fúyẹ́, so àkísà tó rọ̀ mọ́ orí ẹ̀. Ìyẹn ni ọwọ́ ẹ fún ìgbà díẹ̀, torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹ láti ibẹ̀. Fi àkísà yẹn kan èjìká ẹ̀. Ó máa sún. Má gbé e kúrò! Máa bá a lọ wẹ́rẹ́, jẹ́ kó wà lára ẹ̀, bó bá ti dúró, kódà kó jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, gbé e kúrò kíá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́: ẹṣin sún, ọkàn wọn fò, wọ́n gbé ọparun kúrò, ẹṣin ti kọ́ ẹ̀kọ́ nìyẹn, ó ti mọ̀ pé sísá ló ń lé ọwọ́ èèyàn lọ, lọ́la á sá jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òsì, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ohun tí ojú òsì ti rí tí ò sì sá fún mọ́, ojú ọ̀tún ṣì lè sá fún un bí ẹni tí ò rí i rí.

Tó bá gba ọparun, fa ọwọ́ ẹ sún mọ́ ọn lórí ọparun díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa di ọwọ́ gan-an. Má kọ́kọ́ kan ojú ẹ̀ tàbí imú, ibẹ̀ ni wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́. Ibi tí gọ̀gọ̀ ọrùn ẹ̀ parí sí lókè èjìká, ibẹ̀ ni àwọn ẹṣin fúnra wọn máa ń fi eyín ha fún ara wọn, tó o bá ń fi ìka ha á níbẹ̀ ọkàn ẹ̀ á rọra máa lù, tó o bá bá ojú ibẹ̀ gan-an, ètè òkè ẹ̀ á yọ gùn síwájú á máa gbọ̀n, ojú ẹ̀ á sì máa pa dé. Má jẹ́ kó sùn o, gbé ọwọ́ kúrò kó tó sú u.

Okùn lọ́rùn ló tẹ̀ lé e, okùn tó rọ̀, kò so mọ́ ibì kankan. Fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni fẹ́ fa òwú já, dúró bẹ́ẹ̀, má fi kún un. Tí imú ẹ̀ bá yí sọ́dọ̀ ẹ kódà kó má ju ìka kan lọ, jù ú sílẹ̀. Ìgbà tó bá ń tẹ̀ lé okùn bẹ́ẹ̀ lo tó ní háltà, ìyẹn okùn orí tí ò ní irin ẹnu, ìgbà tó bá ń tẹ̀ lé háltà lo tó ní ìjánu. Mi ò ní kẹ́ ẹ má lo ìjánu láé, mo ní kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀. Gàárì náà, aṣọ fífẹ́lẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ fi sí i lẹ́yìn, ẹ sọ ọ́ sí i, ẹ mú un kúrò, kẹ́ ẹ tó gbé gàárì, ọ̀já inú ẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ máa fún ní ìtẹ̀lé-ìtẹ̀lé, ẹ má fún un pinpin lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni ẹnì kan tó fúyẹ́ á kàn fi àyà lé e lẹ́yìn, á sì sọ̀kalẹ̀. Kẹ́sẹ́ ńkọ́? Ẹ kó o pamọ́.

Dókítà Ẹran:

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún un lójú ọ̀nà iṣẹ́ tèmi. Kẹ́ ẹ tó pe ẹṣin ní olóríkunkun, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá nǹkan ń dùn ún. Ẹṣin tí eyín ẹ̀ ń gún un ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ahọ́n ẹ̀ ti gé rí, tí ẹ̀yìn ń dùn, kò sí sùúrù tó máa wo èyíinì sàn. Ilé ìwòsàn ẹran ti UI ò jìnnà sí yín láti Mọ́níyà, ẹ pè wọ́n wá, tàbí kẹ́ ẹ pe dókítà ẹran mìíràn tó mọ ẹṣin. Kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri àti èyí tí eégbọn ń kó lè wà nínú ẹṣin tó bá ti òkè wá sí apá ibí. Òun kúkú ni ò jẹ́ kí ẹṣin àwọn Ọ̀yọ́ àtijọ́ pẹ́ tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ wọ igbó, gbogbo ìgbà ni wọ́n ń lọ ra òmíràn lókè. Kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì pẹ̀lú, ojú egbò tó wà nílẹ̀ ni àrùn yẹn ń gbà wọlé, ẹṣin ò sì lágbára ẹ̀ rárá.

Ẹ̀gbọ́n Sábó, ọ̀rọ̀ ebi yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Omi kíkan inú ẹṣin kì í dáwọ́ dúró, tòru tọ̀sán ló ń sun, koríko tó ń jẹ níwọ̀n níwọ̀n ló ń gbà á sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi ọjọ́ méjì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀, egbò inú lẹ fún un. Tẹ́ ẹ bá wá padà da ọkà bàbà sílẹ̀ fún un rẹpẹtẹ, inú rírun tó lè pa á ló kàn, ẹṣin kì í sì í bì, ohun tó bá ti wọlé ti wọlé.

Ọjọ́ orí ẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wo eyín iwájú ẹ̀. Méjì àárín máa ń pààrọ̀ ní bí ọdún méjì àtààbọ̀, àwọn tó tẹ̀ lé e ní mẹ́ta àtààbọ̀, ti ìpẹ̀kun ní mẹ́rin àtààbọ̀. Tó bá jẹ́ pé méjì àárín nìkan ló ti pààrọ̀, ẹ lè máa kọ́ ọ lórí ilẹ̀, ẹ má gùn ún. Eegun ẹ̀yìn ló ń gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń gbó lára ẹṣin, ó ń kọjá ọdún márùn-ún dáadáa kó tó parí.

Ìbéèrè kan kù, kí Bàbá má bínú sí mi: kílò mélòó ni wọ́n? Ẹni àti gàárì àti gbogbo ẹ̀ṣọ́, ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ. Ẹṣin wa kéékèèké yìí, èyí tó bá wọn kílò 300, kílò 60 ló ń wí fún yín yẹn. Agbádá nìkan ńkọ́?

Ẹlẹ́ṣin Sábó:

Ẹ ti kó mi sí àárín. Ó dáa, ti ebi mo gbọ́, dókítà ló sọ̀rọ̀. Ti àpá náà mo gbà, ẹni tó so ó yẹn ò mọṣẹ́, wọ́n kì í fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ẹṣin, a kì í sì í fi í sílẹ̀ lọ sùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín ní nǹkan kan. Inú ọgbà ọparun lẹ ti ń ha á lọ́rùn, kò sí ariwo, kò sí ẹnikẹ́ni, gbogbo ẹ̀ rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ wá gbé irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ dé Ojúde Ọba, àwọn ìdílé Balógun ń yin ìbọn ṣakabùlà gbòlà gbòlà, ìlù ń dún, èèyàn ń tì í lápá ọ̀tún lápá òsì, ọmọdé ń sá gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ dà níbẹ̀? Ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ ló ń bọ̀ o, Bàbá yín á bọ́ sílẹ̀ lójú Awùjalẹ̀. Ìjánu tó mú nìkan lèmi mọ̀ tó ń dá ẹṣin dúró lọ́jọ́ náà.

Ọmọ Pápá Pólò:

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè gidi lẹ bi yìí. Ìjánu ò dá ẹṣin tẹ́rù bà dúró o, ẹ ti rí i rí lójú ara yín, ẹ̀jẹ̀ á máa kán lẹ́nu ẹ̀ á sì máa sáré lọ. Ìró náà lẹ máa kọ́ ọ. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: ẹnì kan á máa lu gángan lókèèrè réré, tí ẹṣin á kàn gbé etí sókè tí ò ní dá oúnjẹ dúró, ibẹ̀ ni onílù á ti máa lù ú. Tí ẹṣin bá sinmi, ìlù á dákẹ́. Lọ́la onílù á sún mọ́ ọn díẹ̀. Tí orí ẹ̀ bá gbé sókè jù, onílù ti wá jù nìyẹn, kó padà sẹ́yìn. Báńgà wà fún irú èyí pẹ̀lú, ẹ ra èyí tí àwọn ọmọdé ń yìn nígbà ọdún, ọ̀nà jíjìn lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fa agbádá, agbòòrùn, náílọ́ọ̀nù tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, gbogbo ẹ̀ yí i ká. Àti pé ẹṣin tó gbójú ni kẹ́ ẹ máa kó mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ẹranko tó ń gbé nínú agbo ni, tí ẹnì kejì ẹ̀ ò bá sá, òun náà á rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ti ọdún yìí, kò ṣeé ṣe. Mi ò fẹ́ tan Bàbá jẹ. Kí wọ́n yá ẹṣin tó ti lọ Ojúde Ọba rí, àwọn tó ń yáni pọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí èyí dàgbà. Ẹṣin tí wọ́n ń fi ìkánjú kọ́ nítorí ọjọ́ kan báyìí ni ẹ̀yin náà máa wá tà fún ẹlòmíràn lẹ́yìn ọdún pé ẹṣin ìgbẹ́ ni.

Ìyá Dérìn:

Ó wọlé! Wọ́n tiẹ̀ ń ṣe ìdíje kan níbí tí wọ́n ń gbé mustang fún èèyàn kó fi nǹkan bí 100 ọjọ́ tọ́ ọ kó tó wá dábírà níwájú èrò, èèyàn á wò ó á ní ṣé ọjọ́ 100 náà ló tó. Àwọn tó ń wọ ìdíje yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láàárọ̀ lálẹ́ ni o, ẹ má fi tiyín wé e. Dókítà, ẹ tún bá wọn sọ̀rọ̀ títẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, akọ ni.

Dókítà Ẹran:

Àṣírí àwọn akọ ti tú. Òótọ́ ni, akọ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá máa ń rọrùn láti bá gbé, pàápàá tí abo bá wà nítòsí, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn ẹ̀rù o. Ẹ jẹ́ kí ara ẹ̀ le ná, kó gba tẹ́tánọ́ọ̀sì ná, kó sì gbà kí wọ́n fọwọ́ kan òun. Dókítà ló gbọ́dọ̀ ṣe é, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oorun, kì í ṣe ẹni tó ń tẹ òbúkọ lọ́dàá ládùúgbò.

Ọmọ Apẹ̀tẹ̀:

Ẹ ṣé o, gbogbo yín pátá. Mo ka gbogbo ẹ̀ sókè fún Bàbá. Ibi kílò yẹn ni wọ́n ti bínú, wọ́n ní ta ni dókítà yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí àwọn géńdé ọjọ́ Jímọ̀ má wá mọ́, wọ́n ti fowó ọparun sílẹ̀, wọ́n sì ti ń bèèrè iye tí wọ́n ń yá ẹṣin n'Íjẹ̀bú. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń yáni ní èyí tó sanra. Dókítà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Màlámù ti gbé àpótí ẹ̀ lọ sẹ́yìn ọgbà láti àná, rédíò Hausa ẹ̀ ló ń gbọ́ níbẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ jíjókòó niṣẹ́ náà òun lè ṣe é títí dọdún. Okùn ló kù tí mi ò mọ ibi tí màá ti rí i. Èyí tí wọ́n ń tà lágbègbè wa, náílọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù yẹn ni gbogbo ẹ̀. Ṣé kò burú?

Ẹlẹ́ṣin Sábó:

Náílọ́ọ̀nù kẹ̀! Á tún bó o níbi tó ti bó tẹ́lẹ̀. Okùn òwú ni, kó nípọn tó àtàǹpàkò, kó gùn tó mítà mẹ́rin ó kéré tán, èyí tí wọ́n ti fọ̀ rí ló dáa jù torí ó ti rọ̀. Má lọ ra ohunkóhun. Wá sí Sábó lọ́jọ́ Sátidé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, bàbá kan wà níbí tó ṣì ń hun ún fún àwa ẹlẹ́ṣin, á fi awọ tó fẹ́lẹ́ bo ibi tó máa kan imú ẹ̀. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó o wá, kó má baà já ẹ lówó. Tó o bá ti ń bọ̀, mú fọ́tò orí ẹṣin yẹn dání kó lè mọ bí orí ẹ̀ ṣe tóbi tó, ya ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.